Bí mo ṣe ṣírò wákàtí tí Màámi máa lò nínú bàálù láti Èkó dé Atlanta

Àbúrò mi obìnrin bímọ sí Atlanta, Màámi sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe wọlé sórí fóònù mi ní Àkúrẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé wákàtí mélòó làwọn máa fi jókòó. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní aago méje àárọ̀. Ìbéèrè gidi ni.

Tíkẹ́ẹ̀tì ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n máa gbéra l'Ékòó, kí wọ́n balẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wákàtí mẹ́fà péré kẹ̀!" Mo ní rárá o: aago Èkó ni wọ́n fi kọ ti gbígbéra, aago Atlanta ni wọ́n fi kọ ti bíbalẹ̀. Lóṣù Kejìlá tí Màámi ń lọ, wákàtí mẹ́fà ni Atlanta fi wà lẹ́yìn wa. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn ni, márùn-ún ni, torí wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú. Mẹ́fà lé mẹ́fà jẹ́ méjìlá.

Síbẹ̀, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Mo yá globe iléèwé wa, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya máàpù ayé sí lára, mo fi òwú ìránṣọ yí ìlà agbedeméjì ayé po, mo tẹ́ òwú náà sórí rúlà: sẹ̀ǹtímítà 94. Mo wá di orí òwú mú ní Èkó, mo fà á le gbọnin dé Atlanta: 22. Àyíká ayé tó kìlómítà 40,000. Mo pín in sọ́nà 94, mo mú 22 nínú rẹ̀, ó já sí nǹkan bíi 9,360. Iye tí kọ̀ǹpútà gbé jáde sún mọ́ 9,400. Inú mi dùn gan-an!

Ẹ wo ibi tí òwú náà gbà: ó gba orí Mali àti Mauritania kó tó bọ́ sórí òkun. Lórí máàpù pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri kíláàsì, ìsàlẹ̀ ibẹ̀, lápá Guinea, lèèyàn máa fa ìlà sí. Ayé rí roboto, òwú tó le ló ń fi ọ̀nà tó kúrú jù hàn, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì làwọn awakọ̀ òfuurufú ń wá, àfi tí ojú ọjọ́ bá lé wọn kúrò níbẹ̀.

Bàálù ńlá ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan, ìyẹn á jẹ́ bíi wákàtí mẹ́wàá àtààbọ̀. Nínú wákàtí kan àtààbọ̀ tó kù kó tó pé méjìlá, atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ló fa èyí tó pọ̀ jù: láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́, ó ń kọjú ìjà sí ẹni tó ń lọ, ó sì ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àbọ̀ fi máa ń yá ju àlọ lọ.



Aago méje àárọ̀ Nàìjíríà máa bá Màámi lójú òfuurufú, wákàtí kẹjọ tí wọ́n gbéra. Mo ní kí oògùn wà nínú báàgì ọwọ́ wọn, kó má wọnú àpótí. Mo kọ aago méjèèjì sórí ìwé fún dókítà wọn, òun ló sọ bí wọ́n á ṣe máa lò ó tí wọ́n bá débẹ̀.