Bí mo ṣe borí ẹkún ìrọ̀lẹ́ ọmọ mi

Ọmọ ọdún méjì lọmọbìnrin mi, orí kunkun rẹ̀ sì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, tí mo ní ká lọ wẹ̀, á nà sílẹ̀ gbalaja, á máa ju apá ju ẹsẹ̀.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mo ṣàkíyèsí pé ebi àti oorun ló ń bá a jà lásìkò yẹn, ni mo bá ń fún un ní ògì àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀ kó tó wẹ̀. Ariwo dín kù gan-an.

Mi ò wá béèrè mọ́ pé "ṣé o fẹ́ wẹ̀?" Ta ni ò mọ èsì? "Abọ́ pupa ni àbí aláwọ̀ ewé?" ni mò ń bi í. Tó bá ti nawọ́ sí ọ̀kan, ó ti gbà láti wẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ̀!

Bó bá ṣì takú, màá jókòó tì í kó má baà forí gbá símẹ́ńtì. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀: "Mo rí i pé inú ń bí ẹ." Ọ̀rọ̀ tó ń yé àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè fẹnu sọ lọ. Mi ò fún un ní fóònù kó lè dákẹ́ o. Tó bá dọ̀la, á tún sunkún kó lè gbà á. Màámi ní kí n mú pàṣán. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì wo èyí ná, mà."

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń séèémí títí ètè rẹ̀ fi ń dúdú, tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.