Bí mo ṣe lé òtútù jáde nínú ilé wa ní Leeds

Ilé tí a gbà ní Leeds, nílẹ̀ England, ní September 2022, ilé bíríkì pupa ni, ọ̀kan lára àwọn ilé ayé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ so mọ́ra láti orí òpópónà dé ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, oòrùn ń ràn, ilé náà sì wù mí gan-an. N kò mọ̀ nígbà náà pé ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní àlàfo láàárín, pé bíríkì lásán ló yà wá sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìta. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Òtútù tí mo mọ̀ ni ti ọyẹ́, tó máa ń mú ètè bó láàárọ̀, tí oòrùn á sì lé lọ kó tó di ọ̀sán. Òtútù ibí kì í lọ. Ó wọ inú ògiri, ó jókòó síbẹ̀.

Mítà asanwó-kó-o-tó-lò ló wà nínú ilé náà: káàdì fún gáàsì, kọ́kọ́rọ́ oníke kékeré fún iná mànàmáná. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkóríta la ti ń kó owó sí wọn. Láti ọjọ́ kìíní October ọdún yẹn, ìjọba ti fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wa: yúnìtì gáàsì kan ń lọ bíi pẹ́ńsì 10, ti iná mànàmáná bíi pẹ́ńsì 34. Mo máa ń gbọ́ iye yìí lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ n kò rò ó dé inú ilé ara mi. Nígbà tí yàrá àwọn ọmọ tutù jù, ńṣe ni mo lọ ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, èyí tí wọ́n kọ 2000W sí lára. Yúnìtì 2 ló ń jẹ ní wákàtí kan. Wákàtí 6 lóru kan ti lé ní £4. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó jókòó ṣírò rẹ̀, àyà mi sì já.

Lọ́sẹ̀ kejì December ni òtútù tó le jù wọlé. £10 tí mo bá kó sí káàdì gáàsì kì í ju ọjọ́ méjì lọ. Mo ra tẹmọ́mítà kékeré kan, mo gbé e sí yàrá àwọn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dígírì Celsius 13 ló wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní inú ilé kò yẹ kó tutù ju 18 lọ. Ọmọ mi kékeré ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, igun ògiri tó wà lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀ sì ti ń bu, àmì dúdú tótòtó.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọkọ mi pé, “Ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró ná. Ká wá ibi tí ooru yìí ń gbà jáde kí a tó tún ra òmíràn.”

Ó ní, “Ojú wo la fẹ́ fi rí ooru?”

Èéfín la fi rí i. A dúró de alẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. A ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a pa iná, ọkọ mi mú tọ́ọ̀ṣì, èmi mú igi tùràrí kan tí mo ti tanná ràn. Ní àárín pálọ̀, èéfín rẹ̀ lọ sókè tààrà bí okùn. Bí mo ṣe gbé e sún mọ́ ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé lára ilẹ̀kùn ìta, èéfín náà tẹ̀, ó ya bò mí lójú. Létí fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, ó ń gbọ̀n. Níbi tí pákó ìdí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ó tún ń gbọ̀n. Àmọ́ ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni ojú ààrò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀, tí a kò dáná sí rí, tí mo to òdòdó sí. Èéfín kò gbọ̀n níbẹ̀ rárá. Ńṣe ló dùbúlẹ̀, ó wọ inú ihò náà, ó sì gba ibẹ̀ lọ sókè bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti orí òrùlé. Mo dúró, mo ń wò ó. Láti October ni mo ti ń kó owó sínú mítà, tí ààrò yìí ń fà á lọ sójú ọ̀run.

Màmá Òyìnbó tó wà nílé kejì, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni wọ́n júwe ohun tí mo máa rà: irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di pẹlẹbẹ, tó ní ọwọ́ gígùn tí a fi ń tì í sókè títí á fi há sí ọrùn ihò èéfín náà. Kò tó £30. Mo so ríbíìnì pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ dáná níbẹ̀ láìyọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a tì í bọ̀ ọ́, pálọ̀ yàtọ̀. A kò gbọ́ híhu atẹ́gùn mọ́.

Ti ilẹ̀kùn ìta kò gbà mí lówó púpọ̀. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kàn mọ́ ihò lẹ́tà. Ti abẹ́ ilẹ̀kùn, mo gé ìró àǹkárá kan tó ti gbó, mo rán an bí ìrọ̀rí gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, mo ki àkísà sí i títí ó fi le. Etí fèrèsé, fóòmù tó ń lẹ̀ ni. Ẹ fi aṣọ nu igi fèrèsé náà dáadáa kó sì gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí àkọ́kọ́, ó sì ti ṣí kó tó di ọjọ́ kejì.

Mo bẹ ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí: ẹ má ṣe dí ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n dìídì dá sára ògiri, pàápàá níbi tí ohunkóhun bá ti ń jó gáàsì tàbí igi. Èéfín olóró kan wà, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Láti October 2022 ni òfin ti ní kí onílé tó ń fi ilé háyà ní England fi ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ sí yàrá tí bọ́ìlà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná, bá wà. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ti wa láti dán an wò, kò dún. Mo pe onílé lójú ẹsẹ̀, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ tẹ tiyín wò lónìí.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó kọjú sí bọ́ìlà. Bùọ̀dá kan ní ìjọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ gáàsì, ní kí n fọwọ́ kan rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn irin ara ògiri tí omi gbígbóná bọ́ìlà ń gba inú wọn kọjá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Tí òkè bá tutù tí ìsàlẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló tutù, ìdọ̀tí ló kó jọ síbẹ̀, ìyẹn kọjá agbára yín.” Ti yàrá àwọn ọmọ tutù láti ìdajì sókè. Mo pa bọ́ìlà, mo jẹ́ kó tutù. Mo fi àkísà àti ife sábẹ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ kékeré rẹ̀ yí ìdè tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí súfèé, ṣííí, afẹ́fẹ́ kan tó ní òórùn irin àtijọ́ ń jáde. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó tu omi dúdú díẹ̀, mo sì yára dè é padà. Lẹ́yìn náà, mo wo aago tó wà lára bọ́ìlà, èyí tó ń wọn agbára tí omi inú rẹ̀ fi ń tì (pressure): ó ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ bar 1. Mo ṣí omi sí i títí ó fi láàárín 1 sí 1.5. Nígbà tí a tún tan án, rédíétọ̀ yẹn gbóná délẹ̀délẹ̀.

Bùọ̀dá náà tún ní kí n dín gbígbóná omi tí bọ́ìlà ń rán lọ sínú àwọn rédíétọ̀ kù láti dígírì 75 sí 60. Ẹ̀rù bà mí. Ó wá ṣàlàyé fún mi: inú èéfín bọ́ìlà ìgbàlódé ni ooru kan wà tó ń gbà padà, àfi kí omi tó ń padà wọ inú rẹ̀ má gbóná jù. Tí ó bá gbóná jù, ooru yẹn á bá èéfín lọ síta. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí yàrá tó móoru, àmọ́ ó ń móoru. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ní táǹkì tí wọ́n ń tọ́jú omi gbígbóná sí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi táǹkì náà wá sísàlẹ̀ 60, nítorí kòkòrò àìsàn. Tiwa kò ní táǹkì.

Thermostat, ìyẹn ohun tí a fi ń yan bí ilé ṣe máa móoru tó, mo ti máa ń gbé e sí 30 kí ilé lè tètè móoru. Kì í tètè móoru fún ìyẹn. Ibi tó máa dúró nìkan ló ń sọ. Mo fi í sí 19 fún wákàtí méjì láàárọ̀ àti láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí àwọn ọmọ fi sùn.

Fèrèsé yàrá wọn, gíláàsì ẹyọ kan ni. Mo ra ọ̀rá tó mọ́ gaara, mo lẹ̀ ẹ́ yí igi fèrèsé ká, mo sì fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Gbogbo ibi tó hun jọ ń nà lójú mi, títí ó fi le gbandi bí awọ ìlù tí mo fi ìka ta á tó dún. Omi tó máa ń ṣàn lára gíláàsì láàárọ̀ dín kù púpọ̀. Ti ògiri tó ń bu, mo fọ̀ ọ́, mo fa ibùsùn kúrò lára rẹ̀, mo yéé sá aṣọ lórí rédíétọ̀, mo sì ń dé ìkòkò tí mo bá ń sebẹ̀.

Òkè àjà ni mo bá onílé jà lé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná sí (EPC) wà fún gbogbo ilé tí wọ́n bá fi háyà. Ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Tiwa wà ní E, ìpele tó kéré jù tí òfin fàyè gbà, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n tẹ́ ohun tó ń dá ooru dúró sókè àjà. Èyí tó wà níbẹ̀ kò nípọn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ó yẹ kó tó mílímítà 270. Mo fi ìwé náà àti fọ́tò ránṣẹ́ sí i, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ra á, àwa a tẹ́ ẹ.” Ó gbà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dáhùn. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tẹ́ ẹ ní ọjọ́ Sátidé kan, 100 láàárín àwọn igi, 170 lórí wọn.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná yẹn, mo fún un ní ìsinmi. Kùbùsù oníná 100W ni mo fi rọ́pò rẹ̀ lórí ibùsùn tiwa. Wákàtí 10 ló máa fi jẹ yúnìtì kan. Àwọn ọmọ ń lo rọ́bà omi gbígbóná, omi tí kò hó, tí mo sì máa ń yọ kúrò kí wọ́n tó sùn.

Ìjọba tún fún ilé kọ̀ọ̀kan ní £400 lọ́dún yẹn, ní ìdá mẹ́fà. Ti àwa tó ń lo káàdì, fáúṣà ló ń wá nínú lẹ́tà, ọjọ́ 90 péré ló sì ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ju méjì nù, ó rò pé ìpolówó ọjà ni. Ó dùn mí bí ẹni pé owó mi ni.

Nígbà tí òtútù líle padà dé láàárín January 2023, £10 kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lò tó ọjọ́ mẹ́rin, yàrá àwọn ọmọ sì wà ní 18 nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ikọ́ ti lọ. Ilé ìdáná nìkan ni n kò rí ṣe nǹkan kan sí. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kọ́ ọ kún, òrùlé rẹ̀ pẹlẹbẹ, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Mo rán ìrọ̀rí àǹkárá kejì sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí òtútù rẹ̀ má bàa wọlé bá wa, mo sì ń wọ kóòtù sebẹ̀ níbẹ̀ títí March fi dé.