Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, parí abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ rẹ

Lóru ọjọ́ kan ní Gwagwalada, mo fẹ́ fi ọmọrí dé abẹ́rẹ́ tí mo fi gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ló bá gún mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ kò ju orí ìṣáná lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀) tí mo ti gbà kò ju méjì lọ. Ẹ̀kẹta, mo ń fi dọ́la títí ó fi wọ ọdún kejì. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ìyá wí pé wọn kò tètè gbé ọmọ wá! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró de èsì aláìsàn yẹn, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Ọlọ́run yọ mí, aláìsàn náà kò ní àrùn yìí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ará láàbù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kòkòrò àrùn náà bá ti wà lára rẹ̀, àjẹsára kò lè lé e jáde. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ. Bí kò bá sí, ẹ gba àkọ́kọ́, ẹ gba èkejì lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ gba ẹ̀kẹta nígbà tí àkọ́kọ́ bá pé oṣù mẹ́fà. Apá lókè, lẹ́bàá èjìká, ni kí wọ́n gún, kì í ṣe ìdí. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ má tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ dé ni kí ẹ ti tẹ̀ síwájú.

Ẹ wo fíríìjì kí ẹ tó ká apá aṣọ sókè. Nínú ooru oṣù kẹta ní Àbújá, mo ti rí ẹni tó ti ìgò àjẹsára sínú ibi tí omi ti ń dì, ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti bà á jẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí tẹmómítà ló fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ni àyẹ̀wò ìgbẹ̀yìn, oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Anti-HBs ni wọ́n ń kọ sórí ìwé láàbù; òun ló ń fi hàn bóyá àjẹsára náà ti ràn lára yín. Bó bá tó 10, ọkàn yín balẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ gba mẹ́ta mìíràn, kí ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní, “Sístà, ogún ọdún ni mo ti ń gún èèyàn, kò sóhun tó ṣe mí.” Mo bi í bóyá ó ti yẹ ara rẹ̀ wò rí. Ó dákẹ́. Àrùn yìí lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ọdún gbọọrọ láìdunni, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí tábìlì fún ọjọ́ méje.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọ̀gá létí lójú ẹsẹ̀, nítorí ìtọ́jú tó yẹ kì í fẹ́ kọjá wákàtí 24. Ẹ yé fi ọmọrí dé abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò. Inú àpótí tí a ń kó abẹ́rẹ́ àlòkù sí ni kó lọ tààrà.

Káàdì mi wà nínú báàgì mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé. Bí ẹ bá bá mi ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí n fi hàn yín; èmi náà á sì béèrè tiyín.