Họ́ọ̀bù òfìfo: ohun tí ojú mi rí lórí òkè oko wa ní Ìdànrè

₦40,000 ni mo kà sí ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àgbégilódò kí wọ́n tó fà mí jáde nínú ẹrẹ̀ ní oṣù kẹwàá tó kọjá. Àpò kòkó méjì bà jẹ́ lé e. Odindi ọjọ́ Sátidé kan lọ sí i. Ohun tó sì fa gbogbo rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi mọ̀ nípa rẹ̀, mẹkáníìkì tó bá mi wo ọkọ̀ kí n tó sanwó náà yẹ kó mọ̀, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Oko kòkó bàbá wa wà lẹ́yìn Òdòdè, láàárín àwọn àpáta. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè nípa àtẹ̀gùn 682 tí àwọn àlejò ń gùn lọ wo ìlú àtijọ́ lókè, Ìdànrè kan nìyẹn. Ti àwa àgbẹ̀ yàtọ̀. Láti ibi tí ọ̀dà ti tán dé abúlé oko wa kò ju kìlómítà 9 lọ, ṣùgbọ́n òkè méjì wà níbẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá máa ń di igi mú gùn tí òjò bá ti rọ̀. Òjò tó ń rọ̀ sójú ọ̀nà nìkan kọ́ ló sì ń bà á jẹ́. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá bọ́ sórí òkúta gbàràmù gbaramu yẹn, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn bọ̀, ọ̀nà wa ló sì ń gbà. Òjò á ti dá fún wákàtí kan, omi á ṣì máa ya lójú ọ̀nà. Àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bo kòkó kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀, ibi tó bá sì di ẹrẹ̀ lónìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó le.

Ọ̀kadà la fi ń kó kòkó jáde tẹ́lẹ̀, àpò kan lẹ́ẹ̀kan. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ẹ bá mi ṣírò iye tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà lọ́wọ́ wa títí ìkórè fi ń parí. Ìdí tí mo fi wá ọkọ̀ rà nìyẹn.

Mi ò ní fi bí mo ṣe rówó jọ dá yín dúró. Hilux tòkunbọ̀ ni, tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, jíà ọwọ́, tó ní ọ̀pá jíà méjì: ńlá kan, kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tà á búra pé fóòwíìlì tó pé ni, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fa ọkọ̀. Ó fa ọ̀pá kékeré yẹn láti H2, tí táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ń ṣiṣẹ́, sí H4, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, iná kékeré kan tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní, “Ẹ rí i fúnra yín, ọ̀gá.” Mo rí iná, mo sanwó.

Àlọ wa kò ní wàhálà, ilẹ̀ gbẹ, ọkọ̀ ò rù. Àmọ́ òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi máa fi gbéra láti oko, àpò 12 ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. A gun òkè àkọ́kọ́ pẹ̀lú ariwo. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè kejì, ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo fa ọ̀pá kékeré sí L4, èyí tó ń sọ agbára ọkọ̀ di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gun òkè náà. A dé ìdajì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ilá mọ́lẹ̀. Àwọn táyà ẹ̀yìn ń yí, ẹrẹ̀ ń ta dé orí igi, ọkọ̀ ò sún. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀gbẹ́ rọra yọ̀ lọ sínú kòtò tí omi gbẹ́ sí apá òsì, ó sì jókòó síbẹ̀.

A bẹ ẹ̀ka igi, a kó o sábẹ́ táyà. Ó jẹ gbogbo rẹ̀, ó tu ú sẹ́yìn. A ṣa òkúta. A fi ṣọ́bìrì la ilẹ̀ níwájú táyà kọ̀ọ̀kan. Mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 35 sí 20 kí wọ́n lè tẹ́ kí wọ́n sì di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ gòkè tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó tún padà. A wá sọ àpò 12 náà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a tò wọ́n sórí ẹ̀ka igi lẹ́bàá ọ̀nà, a fi tàpólì bò wọ́n. Tàpólì ò kárí. Nígbà tí òjò tún dé ní ọjọ́kanrí, àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ló gba gbogbo rẹ̀ sára. Èmi dúró síbẹ̀, mo ń wo iṣẹ́ tí ìyá mi àti àwọn òṣìṣẹ́ wa ti sá sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, omi ń wọ inú rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, kódà ju owó lọ.

Ohun kan wà tí mo ń rí, tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àbúrò mi máa ń pariwo láti ìta pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ iwájú ò yí o!” Mo ní kó dákẹ́, pé iná fóòwíìlì ń tàn. Ìgbà mẹ́rin ló sọ ọ́.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọkọ̀ àgbégilódò kan ń bọ̀ láti inú igbó pẹ̀lú ìtì igi mẹ́ta. Mo ti dí ọ̀nà, kò lè kọjá. Bàbá tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“Kú wàhálà, ọmọ mi. Ṣé o ti ti ẹsẹ̀ iwájú ẹ?”

“Bàbá, ẹ má bínú, báwo ni wọ́n ṣe ń tì í?”

Kò dá mi lóhùn. Ó lóṣòó ti ẹsẹ̀ iwájú apá òsì, ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò láàárín rẹ̀. Irin róbótó kan yọ jáde, ó ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú, wọ́n sì kọ FREE àti LOCK sí i lára. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní họ́ọ̀bù; òun ló ń so táyà iwájú mọ́ irin tó ń yí i. FREE ló wà. Ó yí i sí LOCK, ó dún “kọ́”. Ó lọ sí apá ọ̀tún, ó yí ìyẹn náà. Ìyẹn kò dún. Ó kàn ń yí gbiri gbiri bí ìdérí ìgò tí ojú rẹ̀ ti bó. Bàbá gbé ojú sókè wò mí, ó mi orí.

Ó ní kí n tẹ ọkọ̀. Iná ń tàn, ẹ̀yìn ń yí, iwájú méjèèjì dúró gbagidi, títí kan apá òsì tó ti wà ní LOCK. Mo bi í pé kí ló dé tí ìyẹn náà ò yí. Ó ní: “Agbára ẹ́ńjìnì dà bí omi, ọmọ mi. Ibi tó bá ti rí àyè ló ń bá lọ. Apá ọ̀tún ẹ ò di nǹkan kan mú, gbogbo ohun tó yẹ kó kan òsì, ibẹ̀ ló ń bá jáde.” Èmi tó ti ń wakọ̀ fún ọdún 15, kò sẹ́ni tó là á yé mi bẹ́ẹ̀ rí.

₦60,000 ni àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ pè, bàbá ló ní kí wọ́n gba 40. Wọ́n fi wáyà tí wọ́n fi ń fa ìtì igi so wá, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Mi ò bínú sí wọn rárá.

Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ni mo pè lálẹ́. Ó ní ṣebí òun fi ọ̀pá jíà hàn mí. Ó ní iná tàn àbí kò tàn? Mo já fóònù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mẹkáníìkì mìíràn ní Àkúrẹ́ tú bóòtù mẹ́fà tó di họ́ọ̀bù ọ̀tún mú. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo irin inú rẹ̀ lọ, wọ́n ki àkísà tó rẹ gírísì bọ̀ ọ́, wọ́n sì dé e padà. Àkísà aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Mẹkáníìkì náà ní òun lè jó o pa kó máa wà ní LOCK títí ayé, mo kọ̀, torí irin iwájú á máa yí lórí ọ̀dà náà, á sì máa jẹ epo àti ara rẹ̀. Wọ́n bá mi wá àlòkù méjì láti Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ₦85,000. Ó gba ọjọ́ mọ́kànlá kó tó dé, kòkó ń dúró de èmi.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ má wo iná. Ẹ ti họ́ọ̀bù méjèèjì sí LOCK, ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí táyà, kí ẹnì kejì máa wo irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí táyà bá yí tí irin náà ò bá a yí, ẹ kó owó yín padà sápò. Ẹ ṣe é lọ́tùn-ún, ẹ ṣe é lósì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá ni mo tún gbé e lọ, òjò sì ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àpò 14 lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin òkè kejì yẹn láti ìsàlẹ̀ dé orí, mo wo ibi tí gbòǹgbò wà, mo mọ ibi tí táyà máa gbà. Mo dá ọkọ̀ dúró lórí ibi tó tẹ́jú, mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù, mo ti họ́ọ̀bù, mo fa L4 níbẹ̀, torí pé àárín òkè kọ́ ni èèyàn ti ń ṣe ìyẹn. Jíà kejì, ẹsẹ̀ kan náà lórí epo, mi ò tẹ̀ ẹ́ jù, mi ò yọ ẹsẹ̀. Iwájú ń fà, ẹ̀yìn ń tì. Ẹ wá wo àwọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀ pọ̀! Àbúrò mi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń pariwo pé, “Ó ń yí! Bọ̀ọ̀dá, iwájú ń yí!” A bọ́ sórí òkè láìdúró lẹ́ẹ̀kan.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù, òun ló sì rọrùn jù. L4 náà ni, jíà kìíní, mi ò fọwọ́ kan fíríì, ìyẹn ibi tí jíà kankan ò ti wọlé, mi ò tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń di ọkọ̀ mú, ẹsẹ̀ mi ò sí lórí bíréèkì àfi díẹ̀díẹ̀. Àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn kí wọ́n máa fi fíríì sọ̀ kalẹ̀ láti ṣọ́ epo. Lórí òkè bẹ́ẹ̀, bíréèkì á gbóná, á sì kọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì kọ̀ láti gùn, ẹ má yí i sí ẹ̀gbẹ́ o. Ẹ fi jíà ẹ̀yìn bá ojú ipa yín padà sílẹ̀ gbọnrangandan. Nígbà tí a kan ọ̀dà, mo dá H2 padà, mo tú họ́ọ̀bù sí FREE, mo fẹ́ táyà padà.

Àpò 14 náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó kí aago mọ́kànlá tó lù, gbogbo wọn gbẹ kanrin. Àwọn méjì ti oṣù kẹwàá ti hu èbu, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà. Họ́ọ̀bù òfìfo yẹn, mo tọ́jú rẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, àkísà búlúù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé fóòwíìlì tó pé lòun fẹ́ tà, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.