Bí Mo Ṣe Tọ́ Òròmọdìẹ Lọ́sẹ̀ Tí Ọyẹ́ Dé sí Ìpájà

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni òròmọdìẹ bróílà (adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran) mi dé, àádọ́ta nínú páálí kan. (Ti Kérésì kọ́ o. Bróílà ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó tó tà. Àwọn tó fẹ́ tà á ní Kérésì ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.) Lákòókò yẹn, ojú ọjọ́ Èkó kì í dúró sójú kan. Lọ́jọ́ Ajé, oòrùn mú bí ẹni pé kò ní wọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò tó yẹ kó ti tán rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó fi máa di ìdájí Ọjọ́bọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti borí afẹ́fẹ́ òkun, ètè gbogbo wa ti bó, eruku sì ti bo fèrèsé.

Àbúrò mi tó wà ní London ń fi mí rẹ́rìn-ín pé 20°C ni mò ń pè ní òtútù. Òun rí kóòtù wọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìẹ ń fẹ́ 32 sí 35°C, torí ara wọn ò tíì lè dá ooru tirẹ̀ mú.

Kí wọ́n tó dé ni mo ti ká páálí yípo nínú yàrá ẹ̀yìn, kó má ní igun kankan. Tí òtútù bá mú wọn, igun ni wọ́n máa ń wọ́ jọ sí, àwọn tó wà lókè á sì tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pa. Mo da ohun tí káfíńtà fá lára pákó sílẹ̀ kó nípọn. Ìta ni mo ti ń dáná èédú sínú ìkòkò amọ̀. Ó gbọ́dọ̀ pọ́n dáadáa kí n tó gbé e wọlé.

Mo fẹ́ fi àpò dí gbogbo fèrèsé, ṣùgbọ́n bùrọ̀dá tó ta àwọn òròmọdìẹ náà fún mi ní, "Àǹtí, ìsàlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dí. Afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde lára èédú kì í rùn. Ẹ má sì sùn síbẹ̀ o."

Mo so tẹmómítà rọ̀ sí ibi tí ẹ̀yìn wọn ga dé, àmọ́ kí n sòótọ́, àwọn fúnra wọn ni mò ń wò. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ yẹn, igbe wọn ló jí mi: gbogbo wọn ti rọ̀ mọ́ ìkòkò. Mo gbé ọ̀kan, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tutù. Mo fi èédú kún un, mo sún páálí mọ́ra, mo sì fún wọn ní omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà, wọ́n ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ẹnu wọn là, ìyẹ́ wọn wó sílẹ̀. Mo gbé ìkòkò jáde. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo tún gbé e padà.

Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, nítorí náà omi ni mo ṣọ́ ju oúnjẹ lọ. Lálẹ́, mo fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn. Tó bá kún, tó sì rọ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, mo fẹ páálí sẹ́yìn, mo sì dín ooru kù ní nǹkan bí 3°C, bó ti wù kí ọyẹ́ mú tó níta.