Òkúta Wẹ́wẹ́ Kì í Fa Omi: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Omi Inú Ilẹ̀

Wọ́n tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá wo ilẹ̀ kan tí omi kọ̀ tí kò lọ. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo máa bá.

1. Ẹ má rò pé ibi tí omi ga dé nínú páìpù kànga ni omi wà nínú ilẹ̀. Bí amọ̀ bá bo ìpele omi, ìyẹn ìpele ilẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀, lórí, ìfúnpá ló tì í gòkè bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ má ṣí páìpù kan sí ìpele omi méjì. Èyí tó dọ̀tí á ba èyí tó mọ́ jẹ́.

3. Òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fìdí jókòó ná.

Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ yìí ló gbà pé bí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà lábẹ́ ilẹ̀ tó kúnná, kíá ni omi á ṣàn lọ. Òótọ́ ni, bí omi bá ti kún gbogbo àlàfo ilẹ̀ náà. Irú iyanrìn tí omi kún bẹ́ẹ̀ ni Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé, fi ṣe ìwọ̀n tó tẹ̀ jáde ní 1856. Ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Àlàfo tóóró ló ń di omi mú níbẹ̀, bí òwú fìtílà ṣe ń di epo mú. Àlàfo gbàgbà inú òkúta kò lágbára láti já a gbà. Omi á dúró lókè òkúta, á máa pọ̀ sí i, àfi ìgbà tí ilẹ̀ òkè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán kó tó já sísàlẹ̀. Àwọn tó ń bo ààtàn mọ́lẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ọgbọ́n yìí dí omi òjò lọ́nà! Ohun tí àwọn kan fi ń dènà omi lẹ̀yin ń náwó sí pé kó fa omi.

Èmi náà ṣe é rí o. Òjò rọ̀, omi dúró, mo bínú sí àwọn òṣìṣẹ́, mo sì ra òkúta kún òkúta. Ìgbà tí mo wa ilẹ̀ náà wò, ilẹ̀ òkè rin gbìndìn, òkúta abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú, eruku ṣì wà lára rẹ̀. Ojú tì mí.

Ẹ kọ́kọ́ wa kòtò kan. Bí omi kò bá dá ṣàn wọ inú rẹ̀, kò ní ṣàn wọ inú òkúta yín náà.

Ẹ tún má kàn fi ìṣirò ìpín dọ́gba wá bí omi ṣe ń yára kọjá nínú ìpele ilẹ̀ tó yàtọ̀ síra. (Nọ́ńbà mélòó la dé?) Ká ní iyanrìn mítà 9 ń jẹ́ kí omi kọjá ní ìwọ̀n mítà 10 lójúmọ́, tí amọ̀ mítà 1 àárín rẹ̀ sì ń gba mítà 0.001 péré. Àwọn kan á pín in dọ́gba, wọ́n á ní mítà 9 lójúmọ́. Bí omi bá ń lọ ní ìbú, wọ́n gbà á. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀, nǹkan bí mítà 0.01 ni. Amọ̀ yẹn ló di ẹnu ọ̀nà mú.

Fífa omi fún wákàtí kan kì í sì í ṣe ìdánwò kànga.

Ẹni tó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ó ti ní kí wọ́n já òkúta típà kan sí i kí n tó dé.