Ohun mẹ́rin tí mo fi pa táyà, àti ohun tí ojú mi rí

Táyà tó ń dán ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2023 ni mo ra tokunbo méjì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corolla mi. Níbi tí wọ́n tò wọ́n sí létí títì, wọ́n dúdú bí kóró iṣin. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ọ̀rá lẹ̀ mọ́ mi níka, n kò kà á sí. Wọ́n bá mi wọ̀ wọ́n, mo sanwó, mo wa mọ́tò mi lọ sílé.

Òjò méjì péré ló tú àṣírí. Láàárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ fọ mọ́tò, gbogbo dúdú yẹn ti ṣàn lọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà ti rí bí eérú, ó sì ti là tín-tìn-tín káàkiri bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tó parí ìlà DOT, ìyẹn ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 3814. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ fi kó àwọn ọmọ mi gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó! Ara mi bù máṣọ.

Mo gbé mọ́tò lọ bá Bàbá Ìbejì, fọ́kanáísà àdúgbò wa. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó là, ó mi orí.

“Ìyá Fẹ́mi, kọ́ńdẹ́mù ni wọ́n fi pa á fún yín.”

Kọ́ńdẹ́mù ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò gbó, tí mẹkáníìkì tú dànù. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ò máa ń fi pa táyà ni, bàbá?” Ó ní òun ń fi pa á, àwọn oníbàárà ló ń fẹ́ ẹ, wọ́n ní kí táyà àwọn máa dán. Mo ra tuntun, mo yọ méjì yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ṣé nǹkan kan wà tí èèyàn lè fi pa táyà tí yóò mú un mọ́, tí kò sì ní pa á lára? Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó dán an wò.

Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú àsìkò yẹn, torí òjò ò tíì tán, ọyẹ́ sì ń bọ̀, kí n lè rí ohun tí omi àti eruku máa ṣe. Mo lọ sí Àgọ́dì Gate, mo ra oríṣi méjì nínú ohun tí wọ́n ń pè ní “tyre shine.” Ọ̀kan wà nínú agolo, fínfín ni wọ́n ń fín in bí oògùn ẹ̀fọn. Èkejì wà nínú ike, ó funfun bí wàrà, ó sì ṣàn. Ẹ̀kẹta ni glycerine, ìgò kékeré tí a fi ń pa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lọ́yẹ́, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi pa táyà. Ẹ̀kẹrin ni kọ́ńdẹ́mù, tí Bàbá Ìbejì bù fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ni n kò jẹ́ kó kan táyà tí mò ń gùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gé abala ẹ̀gbẹ́ táyà àlòkù kan fún mi, ara ìyẹn ni mo ti dán an wò.

Fífọ̀ ló gba àkókò jù, òun náà ló sì yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé táyà mi mọ́. Mo bu omi sí i, mo po ọṣẹ ìfọmọ́tò nípọn díẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ le, kì í ṣe èyí tí mo fi ń fọ ara mọ́tò o. Mo rin, fóòmù tó jáde pupa bí omi ẹ̀kọ ọkà bàbà. Mo ṣan án, mo tún rin, ó ṣì pupa. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Bí èèyàn bá kánjú fi nǹkan pa á kí fóòmù tó funfun, orí ìdọ̀tí ló ń pa á lé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ṣí.

Pupa yẹn kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń po kẹ́míkà kan mọ́ rọ́bà, 6PPD lorúkọ rẹ̀, wọ́n á tún po ìda díẹ̀ mọ́ ọn. Ozone, gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, ni wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe é, torí rọ́bà tó bá ti nà, ozone máa ń là á. Bí táyà ṣe ń yí, tó ń tẹ̀, tó ń nà, ni ìda àti kẹ́míkà yìí ń rá wá sójú díẹ̀díẹ̀ láti dáàbò bò ó. Èyí tó bá ti jà tán lójú táyà ló ń di pupa rúsúrúsú. Ìdí nìyẹn tí táyà mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fi ń yára là ju ti mọ́tò tó ń rìn. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní òpópónà wa tó gbé mọ́tò kalẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nítorí ẹ́ńjìnì. Ojú táyà rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ bí ìgbà tó rà á, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là tó èyí tí èèyàn lè ti èékánná bọ̀.

Nígbà tí táyà gbẹ (mo fún un ní wákàtí méjì nínú òjìji), mo lẹ tépù mọ́ rímù ẹ̀yìn láti fi sàmì ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà kan jẹ́ ti agolo, ọ̀kan ti funfun inú ike, ọ̀kan ti glycerine tí mo fi omi là ní ìdajì-ìdajì. Ọ̀nà kẹrin, n kò fi nǹkan kan pa á, fífọ̀ nìkan ló rí. Bákan náà ni mo ṣe táyà ẹ̀yìn kejì. Fóòmù tìmùtìmù àtijọ́ tí mo gé ni mo fi pa wọ́n. Èyí tó wà nínú agolo pàápàá, inú fóòmù ni mo fín in sí. Ká ní ara táyà ni mo fín in sí tààrà ni, ì bá ti bà lé díìsì bíréèkì, ìyẹn sì léwu gan-an.

Ewu mìíràn ló jẹ́ kí n bá ọlọ́kadà kan jà lọ́jọ́ yẹn. Ó ń wò mí, ó ní kí n bá òun fún díẹ̀ sí táyà òun kó dán fún ọdún. Mo ní rárá, àbúrò mi. Ọ̀kadà máa ń tẹ̀ bí ó bá ń yà, etí táyà ló sì ń gbà dúró nílẹ̀ nígbà náà. Bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, ó máa yọ̀ ṣubú ni. Mọ́tò náà, ẹ̀gbẹ́ nìkan là ń pa, a kì í pa ibi tó ń tẹ ilẹ̀.

Mo tún ṣe ohun kan. Ẹsẹ̀ òsì, mo wa mọ́tò lọ ní kété tí mo pa á tán. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ti pa á láti wákàtí kan ṣáájú, mo sì ti fi àkísà nu àṣẹ́kù rẹ̀. Nígbà tí mo dé, àmì dúdú kéékèèké ló kún ara mọ́tò mi funfun lápá òsì, láti ẹ̀yìn táyà títí dé ibi ìlẹ̀kùn. Apá ọ̀tún mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ kìíní, kò sí ẹni tó máa rí ti agolo tí kò ní yàn án. Ó ń dán bí bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó. Ti funfun inú ike kò dán tó bẹ́ẹ̀, ó kàn dúdú ni, bí táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú bébà jáde. Kí n má parọ́, inú mi ò kọ́kọ́ dùn sí i. Glycerine wà láàárín méjèèjì.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, nǹkan ti yí padà. Ẹ mọ eruku pupa ilẹ̀ Ìbàdàn. Gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ibi tí mo fi agolo pa, ó rí bí àkàrà tí wọ́n yí nínú gààrí. Glycerine náà mú eruku, torí ìwà rẹ̀ ni láti máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ohun tó jẹ́ kó dára fún ẹsẹ̀ ọmọ lọ́yẹ́ nìyẹn. Òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún ló ṣan án lọ pátápátá, kò kù rárá. Kò pa rọ́bà lára, owó rẹ̀ kéré, bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò dùn ún wò lọ sí òde kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò burú. Ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti funfun inú ike ni mo wá ń wò tìyanutìyanu. Lẹ́yìn òjò yẹn, ó ṣì dúdú. Eruku tó bà lé e, àkísà tútù ló nù ún kúrò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nígbà tó sì ń ṣí, ó ń ṣí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò di àbàwọ́n. Ti agolo ò tètè kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti eruku ló kù, àwọ̀ rẹ̀ ti pupa ju apá tí n kò fi nǹkan kan pa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo fọ̀ ọ́ kó tó mọ́.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tó gbé wọn. Nínú méjèèjì, silicone, ohun kan tó ń yọ̀ bí òróró, ló ń mú táyà dúdú. Nínú ike, omi ló gbé silicone yẹn. Omi á gbẹ, silicone á kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nínú agolo, ohun tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì ló gbé e, ó sì máa ń tètè gbaná. Ẹ wo ẹ̀yìn agolo kí ẹ tó rà á. Ẹ má sì fi agolo náà sílẹ̀ sínú mọ́tò nínú oòrùn. Epo inú rẹ̀ ń tètè fò lọ, n kò ní sọ pé ó burú tó kọ́ńdẹ́mù. Ṣùgbọ́n rọ́bà táyà àti epo rọ̀bì ò bára wọn ṣọ̀rẹ́, n kò sì rí ìdí tí n ó fi máa mú wọn pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kọ́ńdẹ́mù ńkọ́? Mo gbé abala rọ́bà tí Bàbá Ìbejì gé fún mi lé bébà, mo fi bírò fa ìlà yí i ká, mo wá rì í sínú kọ́ńdẹ́mù fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo yọ ọ́, tí mo nù ún, tí mo gbé e padà sórí bébà, ó ti wú kọjá ìlà yíká. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó gbà á bí ẹran tó jinná. Bàbá Ìbejì mú un dání fún ìgbà pípẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí kọ́ńdẹ́mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé fífi fóòmù pa á kì í ṣe rírì. Àmọ́ àwọn tó ń fi pa á lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀, ọdún dọ́dún, ibo ni wọ́n rò pé ọ́ìlì náà ń lọ?

Apá kẹrin, tí n kò fi nǹkan kan pa, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àfi pé ó pupa díẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ara táyà gan-an ni ààbò rẹ̀ wà. Rọ́bà kò dúdú láti ara igi, funfun bí wàrà ló ń sun. Ohun kan tó jọ dúdú ìdí ìkòkò ni wọ́n ti ń pò mọ́ ọn láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òun ló ń mú táyà le, òun náà ló ń gba oòrùn sára kí rọ́bà má baà jó. Ohun tó wà nínú ike kàn ń mú ojú táyà dúdú ni, kò lè sọ táyà gbígbó di tuntun, kò sì lè dí ibi tó ti là.

Ní báyìí, Sátidé méjì-méjì ni mò ń fi ọṣẹ rin táyà mi títí fóòmù á fi funfun. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń fi ti inú ike pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lálẹ́ tí mọ́tò ò ní jáde mọ́. Bí mo bá fẹ́ kó dúdú sí i, mo máa ń dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó pa á lẹ́ẹ̀kejì. Glycerine ti padà sórí tábìlì mi, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ló wà fún.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ra táyà, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Mo mú ìgò omi kan àti àkísà funfun dání. Kí ẹnikẹ́ni tó dá iye lé e, mo bu omi sí àkísà, mo nu ẹ̀gbẹ́ táyà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá. Àkísà dúdú kirikiri. Mo tẹ́ ẹ han àbúrò mi, a jọ bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà, a dìde, a sì ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.